Máìkì Tó Yẹ Olùdarí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó. Inú ìtàn Alàgbà Adéyẹyè Bámgbóyè la ń wọ̀ yìí, wọn kì í sì í jókòó níbi tó bá wà àfi tí wọ́n bá kí i tán. Kíkí i kì í tètè tán. Ẹ ó kọ́kọ́ pè é ní Alàgbà, torí pé alàgbà ni nínú ìjọ. Ẹ ó wá pè é ní Olóyè, torí pé ó ní oyè kan ní abúlé ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ ẹ́. Ìgbà náà ló tó kan Olùdarí: Olùdarí Àjọ Ìtanná Ìmọ̀ fún Àgbà, ẹ̀ka Àárín Gbùngbùn Èkìtì. Bí ẹ bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ní kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tún wọlé bí èèyàn.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì rẹ̀ ní Adó. Ti inú ni òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí. Ti ìta ni àwọn tó wá kí i ti ń dúró dìgbà tó bá kàn wọ́n. Akọ̀wé rẹ̀, Jùwọ́n, ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Jùwọ́n tún ní iṣẹ́ kejì. Bí Olùdarí bá ti parí gbólóhùn kan, Jùwọ́n á sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà." Iṣẹ́ kejì yìí kì í jẹ́ kó ráyè ṣe ti àkọ́kọ́.

Ní Òkè-Ìlá, àdúgbò kan ní Adó kan náà, níbi tí àwọn àgbà ti ń kàwé nírọ̀lẹ́, nǹkan mìíràn ló ń ká wọn lára. Lẹ́tà kan ti dé láti olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà, Tíṣà Fúnkẹ́mi sì kà á fún kíláàsì. Wọ́n ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ká ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ogún ìṣẹ́jú péré, kó sì dé ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà kí oṣù tó parí. Kíláàsì tí wọn ò bá gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti ibẹ̀, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti Ìgèdè.

Lójú ẹni tó ní mọ́tò, Ìgèdè ò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí òjò ń kùn lókè, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, onítọ̀hún ti kàwé tán nìyẹn. Monínúọlá ni mò ń sọ. Ohun tó gbé e wá sí kíláàsì ò ju káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára Oore-ọ̀fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan bá a wí lójú èrò pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti kọjá, ojú sì tì í láti sọ pé òun ò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá sín lásán, ọkàn ìyá rẹ̀ á lọ sórí káàdì. Ó ti ń ka gbólóhùn kéékèèké báyìí. Bí wọ́n bá ti kíláàsì yìí pa, ibẹ̀ ló máa parí sí.

"Tíṣà, ṣé fóònù ò lè ká a ni?" Monínúọlá béèrè.

"Ó lè ká a," Tíṣà Fúnkẹ́mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n páànù wa ò ní àjà, ojú títì sì rèé. Fóònù á gbọ́ ọ̀kadà ju ohùn yín lọ. Máìkì la nílò."

"Irú ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ béèrè."

Màmá Ìjàn, tó dàgbà jù nínú wọn, na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní. Ìjàn-Èkìtì ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Adó ní bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ béèrè èyí tí ò wọ́n o. Ẹ má lọ gbé uṣẹ́ mìíràn wá bá wa."

Pẹ̀lúmi ni wọ́n lọ bá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkè-Ìlá níbẹ̀, ó ń tún fóònù ṣe, ó sì ń ká ohùn ìpolówó ọjà fún àwọn oníṣòwò. Kò kọ́kọ́ dárúkọ iye owó. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n.

"Ibo lẹ ti fẹ́ ká a? Ẹni mélòó ló máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Kí lẹ máa so ó mọ́, fóònù àbí kọ̀ǹpútà?"

Wọ́n dáhùn. Ó wá gbé méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó ní okùn tín-ín-rín àti ohun tí wọ́n fi ń há a mọ́ aṣọ. Ìkejì ga tó agolo mílíìkì méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn, ó ń dán gbinrin.

"Èyí ńlá yìí ń ká ohùn dáadáa, mi ò ní parọ́ fún yín," Pẹ̀lúmi sọ. "Ṣùgbọ́n yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ní kíláàsì yín, ó máa gbọ́ adìyẹ, ó máa gbọ́ òjò, ó máa gbọ́ ikùn ẹni tí ò tíì jẹun. Èyí kékeré, ẹnu tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbọ́. Ẹ há a síbí, nísàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ má jẹ́ kí gèlè tàbí ẹ̀gbà ọrùn máa kàn án. Tí ẹnì kan bá kà tán, kó há a mọ́ aṣọ ẹnìkejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò nílò ju ìyẹn lọ."

Monínúọlá wò ó. "Èyí tí ò wọ́n lo fẹ́ tà fún wa?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá ni, àǹtí."

Ó kù kí Olùdarí fọwọ́ sí i, torí pé kò sí ohun tó ń wọ kíláàsì, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀kì, tí kì í kọ́kọ́ kọjá lójú rẹ̀. Tíṣà Fúnkẹ́mi àti Monínúọlá lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n dúró títí. Wọ́n wọlé. Wọ́n fo "Olóyè," wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi máìkì kékeré náà hàn án. Ó fi ìka méjì gbé e, bí ẹni tó bá kòkòrò nínú ìrẹsì.

"Kí nìyí?"

"Máìkì ni, sà."

"Jùwọ́n, ṣé o rí nǹkan yìí?"

"Mi ò rí i rárá, sà," Jùwọ́n dáhùn, ó sì ń wò ó.

Olùdarí fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ gbọ́ mi. Ohùn tí mo fi kí gómìnà mẹ́ta káàbọ̀. Ohùn tí mo fi ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ ìkórè tí àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ fi dìde dúró. Ṣé òun lẹ fẹ́ kí n rọ́ gba ojú hóró ẹ̀wà kọjá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Tíṣà Fúnkẹ́mi sọ, "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa kàwé. Wọn ò sọ pé kí Olùdarí sọ nǹkan kan."

Jùwọ́n wo ilẹ̀.

"Ta ni yóò ṣí i?" Olùdarí béèrè.

"Kí ni wọ́n máa ṣí, sà?"

"Ṣé ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kàn máa já lu Ọ̀gá Àgbà létí lójijì bẹ́ẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ ìṣíde? Láìsí ìkíni? Ṣé ẹranko ni wá ní Èkìtì?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà," Jùwọ́n sọ. Ẹ má bi mí pé èwo nínú ìbéèrè náà ló dáhùn.

Bí wọ́n ṣe gbé Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́yá lórí Ọ̀rọ̀ Máìkì kalẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n yan Olùdarí ní alága. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ alága pé ó gbà láti ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pinnu pé bí máìkì bá ṣe tóbi tó ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣe tó, nítorí náà kí wọ́n ra ńlá. Owó ìwé kíkà tuntun tí kíláàsì ń retí ló bá a lọ. Olùdarí tún ní kí wọ́n tẹ sítíkà aláwọ̀ wúrà kan, kí orúkọ òun àti oyè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ máìkì. Jùwọ́n ló lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ bo àmì kékeré kan níwájú rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló tẹ́jú jù.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ká ohùn pé, ó ku ọjọ́ kan kí oṣù parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n gbé àga kan wá fún Olùdarí láti ilé pásítọ̀. Jùwọ́n jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn obìnrin, kó lè máa darí àtẹ́wọ́. Pẹ̀lúmi gbé máìkì sórí tábìlì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ṣètò rẹ̀ kó dá dúró fúnra rẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú bá pé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó sọ, "máìkì yìí ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ibi tí sítíkà yín wà yìí ni ojú rẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí ibẹ̀ ló máa gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ sí orí rẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni etí rẹ̀ wà."

Olùdarí wo sítíkà. Ó wo àwọn èèyàn. "Ìyẹn ni pé èmi ni kí n máa wo orúkọ mi, kí àwọn wọ̀nyí máa wo ẹ̀yìn irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láàárín èmi àti àwọn, ta ni kò mọ orúkọ mi?"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí máìkì náà po, títí sítíkà fi kọjú sí àwọn tó wà lórí ẹní.

Pẹ̀lúmi tún gbìyànjú. "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ká gbọ́ bó ṣe rí ká tó bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Ọmọ, níbo ni wọ́n ti bí ọ?"

"Adó níbí ni, sà."

"Bí iṣu tuntun bá jáde, ṣé ẹnì kan máa ń tọ́ ọ wò bóyá ó dùn, kí Ọba tó jẹ ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ohùn tuntun rèé. Ọ̀gá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ fi etí kàn án. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò ṣáájú."

Ẹ má fi Jùwọ́n nìkan rẹ́rìn-ín o. Tíṣà Fúnkẹ́mi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá Ìjàn pàápàá mi orí. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí o bá fẹ́ kí gbogbo ilé dá ìrònú dúró, ṣáà ti fi iṣu tuntun ṣe àkàwé.

Olùdarí dìde. Ó tẹ orí ba, ó fi ẹnu sún mọ́ orí máìkì bí ẹni tó fẹ́ bù ú jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kí àwọn lọ́balọ́ba tí kò lè wá. Ó kí àwọn tó lè wá ṣùgbọ́n tí wọn ò pè. Ó kí àwọn tó ti ṣe olùdarí rí, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Ó kí àwọn òkè Èkìtì fún bí wọ́n ṣe dúró síbi tí wọ́n wà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ. Ó wá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìtanná jẹ́, àti pé ká tó lè mọ ìtanná, ó yẹ ká mọ òkùnkùn, òun á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òkùnkùn.

Lórí ẹní, Monínúọlá ń wo agogo ara ògiri. Ó ti rí i pé àyè wọn ń tán lọ. Kó má bàa gbàgbé ojú ìwé tirẹ̀, ó ṣí i sórí itan, ó sì ń kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ara rẹ̀. Màmá Ìjàn tẹ̀ síwájú, ó ní kó jẹ́ káwọn jọ kà á. Àwọn yòókù náà ṣí tiwọn. Wọ́n ń kà, wọ́n ń kùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu bí èèyàn ṣe máa ń ṣe níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù.

"Ní ìparí apá kìíní ọ̀rọ̀ mi," Olùdarí sọ, kọ̀ǹpútà sì pariwo kín-ún. Ogún ìṣẹ́jú ti pé.

Monínúọlá dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa ńkọ́?"

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́," Olùdarí dáhùn. "Ìyẹn náà tó."

Ó kó máìkì, ó kó kọ̀ǹpútà, ó lọ. Monínúọlá fi ìwé bojú. Oore-ọ̀fẹ́ rí ìyá rẹ̀, òun náà sì bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, Olùdarí pe ogójì àlejò sí gbọ̀ngàn olú ilé-iṣẹ́. Ó pe kíláàsì Òkè-Ìlá náà, kí wọ́n lè wá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà, Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ Ọláoyè, ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹ fi sílẹ̀ sórí tábìlì mi," ó sọ. "Màá fi ìgbọ́hùn etí gbọ́ ọ."

"Mà, irú ohùn yìí kì í ṣe ti etí ẹnì kan," Olùdarí bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kó jáde lẹ́nu sípíkà, kí ayé gbọ́."

Wọ́n tan sípíkà. Ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó dà bí ohùn ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́ inú táǹkì omi. Lẹ́yìn náà, ohùn mìíràn dún ketekete, bí ẹni tó jókòó tì yín:

"Yéè. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú."

Ohùn Jùwọ́n ni. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i. Kí wọ́n tó sọ nǹkan, ohùn obìnrin kan gbà á, ó rọra ń kà á, kò kánjú: "Bí ara ọmọ bá gbóná, fún un ní omi. Má fi aṣọ púpọ̀ bò ó. Tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn." Monínúọlá di ẹnu mú níbi tó jókòó sí. Ohùn Màmá Ìjàn tẹ̀ lé e, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ó sì ń rí wọn. Obìnrin kẹta kà. Ìkẹrin kà. Ọ̀gá Àgbà mú bírò, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń tú ká. Nínú táǹkì lọ́hùn-ún, ẹnì kan ń ṣàlàyé òkùnkùn.

Bí wọ́n ṣe parí ojú ìwé kan, ohùn Màmá Ìjàn tún dé.

"Ṣé òní lọkùnrin yìí kọ́kọ́ dé ulé ìwé wa?"

"Òní ni, màmá," Monínúọlá dáhùn.

"Kò sì béèrè ìdí tá a fi wà lórí ẹní. Bẹ́ǹṣì mẹ́fà tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́ sí wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní ọ́fíìsì, màmá." Ohùn Jùwọ́n nìyẹn. "Orí wọn làwọn tó wá kí ọ̀gá ń jókòó sí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo gbé wọn."

"O sì ń wí fún un pé, 'Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà.'"

"Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, màmá, ìgbà wo ló máa jẹ́ ká lọ sílé?"

Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n dá a dúró. Ó fa fáìlì kan yọ, ó wò ó. "Bámgbóyè, nínú ìròyìn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ̀ ń bẹ Òkè-Ìlá wò, àti pé wọ́n ń gbádùn bẹ́ǹṣì wọn."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò pè é ní Alàgbà, kò pè é ní Olóyè. Olùdarí náà kò sọ pé kó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa," Olùdarí sọ. Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Jùwọ́n, sọ fún wọn. Ohùn rẹ nìyẹn?"

Nǹkan tó ti mọ́ni lára ṣòro láti fi sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà," Jùwọ́n dáhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Àgbà lọ sí ọ́fíìsì Olùdarí. Ó bẹ àwọn tó jókòó sí yàrá ìta pé kí wọ́n dìde díẹ̀. Ó dojú bẹ́ǹṣì kan délẹ̀. KÍLÁÀSÌ ÒKÈ-ÌLÁ ni wọ́n fi ọ̀dà kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó dojú ìkejì délẹ̀. Kò yẹ ìkẹta wò.

Wọn ò lé e kúrò níṣẹ́. Wọn kì í tètè léèyàn níbẹ̀, wọ́n máa ń gbé e lọ sí ibòmíràn ni. Wọ́n gba ipò Olùdarí lọ́wọ́ Bámgbóyè, wọ́n sì fi í sí ilé ìkẹ́rùsí, kó máa pín ṣọ́ọ̀kì. Ojú fèrèsé làwọn tíṣà ti ń gbà á. Wọn kì í wọlé, wọn kì í sì í pẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́," wọ́n á gba páálí, wọ́n á lọ. Mo gbọ́ pé ó kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan padà wá tún un kí. Onítọ̀hún rò pé ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kún un ni, ó padà, ó rí i pé kò sí nǹkan kan, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ǹṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí Òkè-Ìlá. Pẹ̀lúmi gba máìkì ńlá padà, ó fún wọn ní kékeré, ó sì dá owó tó kù padà, wọ́n fi í ra ìwé. Nígbà tí lẹ́tà Ọ̀gá Àgbà dé, Tíṣà Fúnkẹ́mi tú u, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó nà án sí Monínúọlá.

"Èmi, Tíṣà?"

"Ìwọ."

Monínúọlá gbé Oore-ọ̀fẹ́ lé Màmá Ìjàn lẹ́sẹ̀. Ó há máìkì mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, nísàlẹ̀ àgbọ̀n. Ó kà á pé kíláàsì Òkè-Ìlá kò lọ síbì kankan. Ó kà á pé àwọn gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, àwọn sì yọ̀. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì kà á: "Ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà tó béèrè bẹ́ǹṣì pé inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n kó máa kàwé ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ."

Gbogbo wọn wo Màmá Ìjàn.

"Ibẹ̀ yẹn," màmá sọ, "o ò kà á dáadáa. Tún un kà."

Monínúọlá fi ìka sábẹ́ ìlà náà, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà.

"Tíṣà, ẹ bá wa wò ó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀?"

Tíṣà Fúnkẹ́mi ń to ìwé tuntun sórí tábìlì. Kò gbé orí sókè, kò sì na ọwọ́ gba lẹ́tà.

"Monínúọlá ti kà á, màmá."